Ẹ Jẹ́ Kí Ọmọ Rí Ohun Sọ: Ìmọ̀ràn fún Ẹ̀yin Ọ̀dọ́ Olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì

Ẹ̀yin ọmọ mi tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé kíláàsì Gẹ̀ẹ́sì lé lọ́wọ́ ní ilé-ìwé girama, ẹ̀yin ni mo ń bá sọ̀rọ̀. Mo ti fẹ̀yìn tì, ṣùgbọ́n iṣẹ́ olùkọ́ kì í tán lára ẹni. Bí mo bá gbọ́ tí ọmọ SS 2 ń ka òfin gírámà láti òkè dé ilẹ̀ láì kọsẹ̀, tí wọ́n wá bi í ní Gẹ̀ẹ́sì pé kí ló ṣe lánàá, tí ó sì dákẹ́, ọkàn mi máa ń bàjẹ́. Orí ọmọ náà pé. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé láti ọjọ́ tó ti ń kọ́ Gẹ̀ẹ́sì, kò sẹ́ni tó tíì fún un ní ohun tí yóò fi í sọ. Ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ bá yín sọ̀rọ̀ lórí iṣẹ́ àkànṣe, tí àwọn ọmọ ń pè ní púrójẹ́ẹ̀tì. Abẹ́òkúta ni n ó ti mú ọ̀pọ̀ àpẹẹrẹ mi, torí ibẹ̀ ni mo mọ̀ jù. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Ìsẹ́yìn, ní Òṣogbo tàbí ní Àgbádárìgì, ẹ ó rí tiyín níbẹ̀.

1. Ẹ kọ́kọ́ mọ ohun tí ẹ ń pè ní iṣẹ́ àkànṣe. Kì í ṣe káàdíbọ́ọ̀dù aláràbarà tí ìyá ọmọ sanwó rẹ̀ fún àwọn tó ń tẹ̀wé lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, tí ọmọ gbé wá lọ́jọ́ Móńdè, tí ẹ sì fi kọ́ ara ògiri. Irú èyí ti pọ̀ jù, ó sì ń dùn mí, nítorí òbí náwó tí kò ní, ọmọ kò sì rí nǹkan kan kọ́ níbẹ̀. Iṣẹ́ àkànṣe gidi ní ìbéèrè tí ọmọ fúnra rẹ̀ fẹ́ mọ ìdáhùn sí. Ó ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan tí wọ́n fi wádìí, ó ní ohun tí wọ́n ṣe jáde níkẹyìn, ó sì ní ẹni tí wọ́n ṣe é fún. Ẹni yìí gan-an ni mo ń tẹnu mọ́. Bí iṣẹ́ náà bá parí tí kò sí ẹlòmíràn lẹ́yìn olùkọ́ tí yóò kà á, tí yóò gbọ́ ọ tàbí tí yóò lò ó, iṣẹ́ àṣetiléwá lásán ni.

Ọ̀nà yìí kì í ṣe tuntun. Ní 1918 ni William Heard Kilpatrick, olùkọ́ ní Teachers College ti Yunifásítì Columbia ní New York, gbé àpilẹ̀kọ rẹ̀ jáde lórí rẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn tó kẹ́kọ̀ọ́ lọ́dọ̀ John Dewey, onímọ̀ ìjìnlẹ̀ nípa ẹ̀kọ́, ni. Ní 1966, àwọn ọmọ kíláàsì Gẹ̀ẹ́sì kan ní agbègbè Rabun, ní ìpínlẹ̀ Georgia ní Amẹ́ríkà, bẹ̀rẹ̀ sí í lọ bá àwọn arúgbó orí òkè. Wọ́n ń bi wọ́n bí wọ́n ṣe ń fi ìtì igi kọ́lé, bí wọ́n ṣe ń se ọṣẹ, bí wọ́n ṣe ń tọ́jú ẹran kí ó má bàjẹ́. Wọ́n tẹ ohun tí wọ́n gbọ́ sínú ìwé ìròyìn tí wọ́n sọ ní Foxfire, nígbà tó di 1972, ó di odidi ìwé tí àwọn èèyàn ń rà káàkiri Amẹ́ríkà. Nílé wa níbí, láti 1956 tí Tai Ṣólàrín ti dá ilé-ìwé Mayflower sílẹ̀ ní Ìkẹ́nnẹ́ ni àwọn ọmọ ibẹ̀ ti ń fọwọ́ ara wọn ṣiṣẹ́ mọ́ ẹ̀kọ́. Ẹnikẹ́ni tó bá sì sọ fún yín pé àṣà àwọn òyìnbó òde òní ni, ẹ bi í bóyá inú ìwé ni ọmọ alágbẹ̀dẹ ti ń kọ́ bí a ṣe ń fẹ́ ẹwìrì.

2. Ẹ má wá kókó ọ̀rọ̀ lọ sí ọ̀nà jíjìn. Mo ti rí ìwé tó ní kí ọmọ Yorùbá tí kò rí yìnyín rí kọ nípa ìsinmi ìgbà òtútù. Kí ni yóò kọ? Yóò da ọ̀rọ̀ inú ìwé náà kọ ni. Ṣùgbọ́n ọmọ Abẹ́òkúta tó ń gba Ìtòkú kọjá lọ sílé-ìwé lójoojúmọ́, àdìrẹ wà níwájú rẹ̀ láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Ẹ jẹ́ kí a fi í ṣe iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́fà.

Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, àwọn ọmọ yóò kọ ìbéèrè sílẹ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ̀kọ́ ńlá nìyẹn fúnra rẹ̀, nítorí ọ̀nà tí Gẹ̀ẹ́sì ń gbà béèrè ọ̀rọ̀ máa ń da ọmọ wa láàmú: wọ́n á fi gbólóhùn sílẹ̀ bó ṣe wà, wọ́n á kàn gbé ohùn sókè níparí. Ní ọ̀sẹ̀ kejì wọ́n á lọ sọ́jà, wọ́n á bi àwọn aládìrẹ ní Yorùbá, wọ́n á sì kọ ìdáhùn sílẹ̀ ní Yorùbá bí wọ́n ṣe gbọ́ ọ. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ọmọ kan fi Gẹ̀ẹ́sì da ìyá àgbà láàmú nídìí àtẹ rẹ̀.

Ohun tí wọ́n á gbọ́ á pọ̀. Wọ́n á gbọ́ nípa àdìrẹ oníko, tí wọ́n ń fi ìko so aṣọ kí aró má baà wọ ibi tí wọ́n so. Wọ́n á gbọ́ nípa àdìrẹ ẹlẹ́kọ, tí wọ́n ń fi ìyẹ́ adìyẹ ya àwòrán sára aṣọ pẹ̀lú ẹ̀kọ láfún. Wọ́n á gbọ́ pé àwọn ọkùnrin ní Abẹ́òkúta máa ń gé páánù sí àwòrán, tí wọ́n fi ń tẹ ẹ̀kọ náà sórí aṣọ kí iṣẹ́ lè yá. Bí ẹni tí wọ́n bá pàdé bá jẹ́ àgbà nídìí iṣẹ́, yóò sọ fún wọn nípa ewé ẹ̀lú, ìkòkò aró, àti bí aṣọ ṣe ń jáde nínú aró ní àwọ̀ ewé kí afẹ́fẹ́ tó sọ ọ́ di búlúù lójú wọn. Bí ó bá jẹ́ ọ̀dọ́, àbẹ́là yíyọ́ àti aró tí wọ́n ń rà nínú ike ni yóò fi hàn wọ́n. Kí ló fa ìyípadà yẹn? Èwo ló wọ́nwó jù? Èwo ló ń pẹ́ kó tó ṣá? Àwọn ìbéèrè yẹn ló ń gbé ọmọ kúrò ní ṣíṣe àpèjúwe lọ sí ríronú.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n á padà sí kíláàsì láti kọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì. Ibẹ̀ ni gírámà ti ń wúlò. Ẹni tó fẹ́ ṣàlàyé bí a ṣe ń ṣe nǹkan ní Gẹ̀ẹ́sì nílò gbólóhùn tó ń gbé ohun tí a ṣe síwájú ẹni tó ṣe é, ó sì nílò àwọn ọ̀rọ̀ tó ń fi ìtòtẹ̀léra hàn. Ọ̀sẹ̀ tí wọ́n bá nílò rẹ̀ gan-an ni kí ẹ kọ́ wọn. Mo rí i pé ohun tí a ti fi odindi táàmù kan lé kiri lórí pátákó, tí kò wọ̀ wọ́n létí, wọ̀ wọ́n létí láàárín ọjọ́ díẹ̀, nítorí pé aṣọ ń bẹ lọ́wọ́ wọn, wọ́n sì fẹ́ sọ bó ṣe di aláró. Kí wọ́n ṣe é ní ìwé kékeré alábala mẹ́jọ, pẹ̀lú àwòrán tí wọ́n yà fúnra wọn. Ẹ fi ẹ̀dà kan sí láíbúrárì ilé-ìwé, ẹ mú èkejì padà fún àwọn aládìrẹ. Àlejò tí kò gbọ́ Yorùbá máa ń wá ra àdìrẹ ní Ìtòkú, ìwé náà á sì wúlò fún olówò lórí àtẹ rẹ̀. Ọmọ tó bá mọ̀ pé àlejò láti Jámánì lè ka gbólóhùn òun yóò tún un kọ nígbà mẹ́ta láì jẹ́ pé ẹ lé e.

3. Ẹ má fi òfin de Yorùbá nínú iṣẹ́ yìí. Mo mọ̀ pé àwọn ilé-ìwé kan ṣì ń bu owó ìtanràn fún ọmọ tó bá sọ èdè ìyá rẹ̀. Ìwà tí kò dára ni, n kò sì ní fi ọ̀rọ̀ rírọ̀ sọ ọ́. Nígbà tí àwọn ọmọ bá ń jíròrò ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe, tí wọ́n ń jiyàn, tí wọ́n ń pín iṣẹ́, ẹ jẹ́ kí wọ́n fi èdè tí ọpọlọ wọn fi ń sáré ṣe é. Gẹ̀ẹ́sì ni kí ohun tí wọ́n á gbé jáde jẹ́. Ní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò ọlọ́dún mẹ́fà kan, níbi tí wọ́n ti fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní gbogbo ẹ̀kọ́, tí Gẹ̀ẹ́sì sì jẹ́ iṣẹ́ kan láàyè ara rẹ̀ lábẹ́ olùkọ́ tó mọ̀ ọ́n kọ́. Àwọn ọmọ náà kò rẹ̀yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n tún ṣe dáadáa ju àwọn tí wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ lọ. Èyí ti lé ní àádọ́ta ọdún, a kò sì gbọdọ̀ tún máa ṣe bí ẹni tí kò gbọ́.

4. Ẹ pín iṣẹ́ kí ẹnikẹ́ni má rí ibi sá sí. Kíláàsì tí ọmọ 70 wà kì í ṣe ẹ̀rù bí ẹ bá pín wọn sí ọmọ mẹ́fà-mẹ́fà. Ṣùgbọ́n nínú ọmọ mẹ́fà, ọmọ méjì tó mọ̀wé ni yóò ṣe gbogbo rẹ̀ bí ẹ bá fojú fò ó. Kí olúkúlùkù ní ojúṣe: ẹni tó ń béèrè, ẹni tó ń kọ sílẹ̀, ẹni tó ń yàwòrán, ẹni tó ń wá ìtumọ̀ nínú ìwé atúmọ̀ èdè, ẹni tó ń tún un kọ, ẹni tí yóò dìde sọ̀rọ̀. Ní ọ̀sẹ̀ tó bá tẹ̀ lé e, kí wọ́n pààrọ̀. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Ọmọ tí Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ kò dán mọ́rán lè jẹ́ ẹni tí gbogbo ọjà mọ̀, tí àwọn ìyá yóò bá sọ̀rọ̀ ju olórí kíláàsì lọ. Mo ti rí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ tó jókòó sẹ́yìn fún ọdún méjì, tó wá di ẹni tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń wá.

5. Ẹ ṣọ́ wọn. Ìwé àṣẹ pírínsípà, lẹ́tà sí òbí, àgbàlagbà kan pẹ̀lú ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan, kí ọmọbìnrin kankan má dá lọ sílé ẹnikẹ́ni. Kí wọ́n kúnlẹ̀, kí wọ́n dọ̀bálẹ̀, kí wọ́n gba àṣẹ kí wọ́n tó tẹ fóònù láti gba ohùn tàbí ya fọ́tò. Bí ìyá kan bá ní òun kò fẹ́, kí wọ́n dúpẹ́ kí wọ́n lọ.

6. Ẹ jẹ́ kí wọ́n ní ìwé ìròyìn. Abẹ́òkúta ni míṣọ́nnárì Henry Townsend ti tẹ Ìwé Ìròyìn jáde ní December 1859, owó ẹyọ 120 ni wọ́n ń ta ẹ̀dà kan. Yorùbá ni ó kọ́kọ́ jẹ́, ní ọdún tó tẹ̀ lé e ni wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì kún un, ó sì dúró ní 1867. Ẹ sọ èyí fún wọn kí wọ́n mọ̀ pé ogún àwọn ará ìlú wọn ni iṣẹ́ tí wọ́n fẹ́ ṣe. Ìwé ìròyìn ara ògiri tó, ẹ kò nílò ẹ̀rọ ìtẹ̀wé. Ẹ fún wọn ní ojúewé Gẹ̀ẹ́sì, ẹ fún wọn ní ti Yorùbá bí Townsend ti ṣe. Ìròyìn eré bọ́ọ̀lù, ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò pẹ̀lú ìyá tó ń ta oúnjẹ nílé-ìwé, ìròyìn lórí bí omi ṣe ń wọ láíbúrárì nígbà òjò. Kí ọmọ kan jẹ́ olóòtú, kí ó sì ní àṣẹ láti dá iṣẹ́ padà fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ pé kí ó lọ tún un kọ. Ọ̀dọ́langba máa ń gbọ́rọ̀ sí ẹgbẹ́ rẹ̀ lẹ́nu níbi tí kò ti ní gbọ́ ti olùkọ́.

7. Lẹ́tà tí a ó fi ránṣẹ́ ní tòótọ́. Gbogbo wa ni a ti kọ lẹ́tà àìgbẹ̀fẹ̀ sí alága ìjọba ìbílẹ̀ tí a kò fi ránṣẹ́ rí. Ẹ jẹ́ kí ti àwọn ọmọ yín lọ. Bí gọ́tà iwájú ilé-ìwé bá dí, kí wọ́n mú téèpù, kí wọ́n wọn ibi tó dí, kí wọ́n ka iye ṣọ́ọ̀bù tí omi ń wọ̀, kí wọ́n bi àwọn tó ń gbé ibẹ̀ ìgbà tó ti bẹ̀rẹ̀. Ìgbà yẹn ni ọ̀rọ̀ wọn á wúwo. Ọmọ tó ń bínú sí gọ́tà máa ń kọ Gẹ̀ẹ́sì tó gbóná. Ẹ kọ́ ọ bí a ṣe ń fi ọ̀wọ̀ bínú, nítorí iṣẹ́ ńlá ni ìyẹn nínú èdè èyíkéyìí. Kí àdírẹ́ẹ̀sì, ọjọ́, ìkíni àti àkọlé wà ní ààyè wọn. Kí aṣojú kíláàsì mú un lọ sí ọ́fíìsì, kí wọ́n sì gba òǹtẹ̀ sórí ẹ̀dà tiwọn. Bí èsì kò bá dé, lẹ́tà kejì nìyẹn, èyí tó sì ṣòro kọ ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ẹ má ṣe jẹ́ kí òṣèlú kankan fi àwọn ọmọ yín polongo. Tí ẹ bá rí i tí ọ̀rọ̀ ń yí síbẹ̀, ẹ dá a dúró lọ́gán.

8. Ẹ lo fóònù fún ohùn. Yorùbá kò ní ìró ‘v’ àti ‘z’, kò sì ní èyí tí Gẹ̀ẹ́sì ń kọ ní ‘th’. Ọ̀pọ̀ ọmọ ni kò mọ ìyàtọ̀ láàárín ‘share’ àti ‘chair’ lẹ́nu ara wọn. Bí ẹ bá tún un ṣe lójú gbogbo kíláàsì, ojú á ti ọmọ náà, kò ní lanu mọ́. Ṣùgbọ́n bí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan bá ń gba ìròyìn oníṣẹ́jú márùn-ún sílẹ̀ sórí fóònù kan, bí àwọn ti rédíò, wọ́n á tẹ̀ ẹ́, wọ́n á gbọ́ ara wọn, wọ́n á ní kí a tún un gbà. Mo ti dúró lẹ́nu ọ̀nà wo wọ́n tí wọ́n gba gbólóhùn kan náà sílẹ̀ léraléra, tí ẹnikẹ́ni kò ní kí wọ́n ṣe é. Lọ́jọ́ Fúráìdè, ẹ gbé e sí etí àwọn ọmọ JSS 1 ní àpéjọ àárọ̀, kí ẹ sì bi wọ́n ní ohun tí wọ́n gbọ́. Bí àwọn kékeré kò bá lóye rẹ̀, àwọn àgbà mọ iṣẹ́ tó kù.

9. Ẹ má ṣe tún gbogbo àṣìṣe ṣe. Ìwé tó kún fún bíìrò pupa ń pa ọmọ lẹ́nu mọ́. Ẹ yan àṣìṣe méjì fún iṣẹ́ kan. Bí iṣẹ́ bá jẹ́ ìtàn ìjàpá tí wọ́n ń kọ fún àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ẹ mú ọ̀rọ̀-ìṣe ìgbà tó ti kọjá, nítorí ọ̀rọ̀-ìṣe wa kì í yí padà bí ti Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ sì mú ‘he’ àti ‘she’, èyí tí ‘ó’ wa kò yà sọ́tọ̀, tí àwọn ọmọ fi ń sọ Yánníbo, ìyàwó ìjàpá, di ọkùnrin ní ìlà kẹta. Ẹ fi ìyókù sílẹ̀ de ìgbà mìíràn. Ṣùgbọ́n ohun tó bá fẹ́ jáde lọ fún aráyé kà, èyí tó kẹ́yìn pátápátá, kí ó mọ́.

10. Àwọn òbí àti pírínsípà á bi yín nípa WAEC, ẹ sì gbọ́dọ̀ ní èsì tó dúró. Nínú ìdánwò Gẹ̀ẹ́sì WAEC, wọ́n fẹ́ àròkọ tó tó ọ̀rọ̀ 450, máàkì 50 ló wà fún un: 10 fún kókó ọ̀rọ̀, 10 fún ètò, 20 fún bí a ṣe lo èdè, 10 fún sípẹ́lì, àmì àti gírámà. Lẹ́tà, ọ̀rọ̀ fún ìwé ìròyìn, ọ̀rọ̀ àsọyé àti ìtàn ni wọ́n máa ń béèrè jù. Ẹ wo ohun tí mo ti kà sílẹ̀ láti òkè, gbogbo wọn ló wà níbẹ̀. Ìsọnísókí náà wà níbẹ̀, torí ẹni tó gba ọ̀rọ̀ wákàtí kan lẹ́nu aládìrẹ tó sì ní ojúewé kan láti kọ ọ́ sí ń ṣe ìsọnísókí. Kókó ọ̀rọ̀ tí ọmọ kò ní ló ń pa ọ̀pọ̀ nínú wọn nínú gbọ̀ngán ìdánwò. Nínú máàkì àtìgbàdégbà, ẹ fún ìwé àkọsílẹ̀ ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ ọmọ kọ̀ọ̀kan ní ìdajì, kí ìdajì tó kù lọ fún iṣẹ́ àjọṣe wọn.

11. Nípa ẹ̀rọ tó ń kọ̀wé fúnra rẹ̀, irú ChatGPT, tó wà lórí fóònù ọ̀pọ̀ nínú wọn báyìí. N kò ní kí ẹ máa fi pàṣán lé e. Ẹ ṣe é kí àkọ́kọ́kọ jẹ́ ti ọwọ́, nínú kíláàsì, lójú yín. Lẹ́yìn náà, ẹ béèrè ohun tí ẹ̀rọ kò lè mọ̀: kí ni ìyá tí ẹ bá sọ̀rọ̀ sọ nípa owó aró, irú àwòrán wo ló wà lára aṣọ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀? Ọmọ tó lọ sọ́jà á dáhùn. Ẹni tí kò lọ, ẹ ó mọ̀ ọ́n.

12. Ẹ bẹ̀rẹ̀ ní kékeré, kí ẹ sì bẹ̀rẹ̀ ní táàmù kejì SS 1, nígbà tí ìdánwò ńlá ṣì jìnnà. Iṣẹ́ kan ní táàmù kan tó. Bébà, bíìrò, fóònù kan fún ẹgbẹ́ kan, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ kò ní láti sọ fún òbí kankan pé kó mú owó wá, bí ẹ bá sì rí i pé ẹ fẹ́ sọ bẹ́ẹ̀, iṣẹ́ náà ti tóbi jù, ẹ gé e kúrú.

Ẹ̀yin pírínsípà tí èyí bá dé ọwọ́ yín, ẹ̀bẹ̀ kan ni mo ní sí yín. Ìṣẹ́jú 40 kò tó láti lọ sọ́jà kí a sì bọ̀, kò tó láti gba ohùn sílẹ̀ kí a sì tún un gbọ́. Ẹ fún olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì yín ní píríọ́dù méjì tó tẹ̀ lé ara wọn, lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, kí ẹ sì jẹ́ kí ó mú àwọn ọmọ jáde.